Ṣé aago Rolex lè rọ́pò owó tí a tọ́jú? Àlàyé ọ̀rọ̀ aago olówó gọbọi tó gba ìgboro

Ní Ìkòròdú níbí, bí ẹ bá wọ ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ti Agric, ì báà jẹ́ ti Igbógbó tàbí Ẹ̀bútè, ẹ ò ní pẹ́ rí fídíò tí ẹnì kan na ọwọ́ sí kámẹ́rà tí aago ń dán lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, tó ń sọ pé ẹni tó bá lajú kì í fi náírà sí báńkì mọ́, aago ló ń rà, pé Rolex kì í wálẹ̀, òkè ló ń lọ. Abẹ́ fídíò yẹn ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́. Ẹnì kan á ní òótọ́ ni, èkejì á ní irọ́ ni, ẹnì kẹta á wá béèrè, tirẹ̀ ló sì ká mi lára jù, pé òun ní mílíọ̀nù díẹ̀ lọ́wọ́, owó àjọ wà ńbẹ̀, owó gírátúítì bàbá òun náà wà ńbẹ̀, ṣé kóun fi ra aago kóun gbé e pamọ́? Owó gírátúítì kì í ṣe owó téèyàn fi ń dán nǹkan wò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí tọ̀tún tòsì ń sọ.

Kí ló dé gan-an tí gbogbo èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ aago?

Nǹkan méjì ló pàdé, ọ̀kan ṣẹlẹ̀ lókè òkun, ìkejì ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí.

Ti òkè òkun la máa kọ́kọ́ mú. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù kẹta 2020, Rolex ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ pa ní Switzerland fún ìgbà díẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ aago mìíràn náà tì, aago tuntun wá wọ́n lórí àtẹ. Àsìkò yẹn náà ni owó ń ya wọ ọwọ́ àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìjọba ń pín owó, èlé báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, kírípítò ń fò sókè, àwọn tó sì jèrè nínú kírípítò ń wá nǹkan tí wọ́n máa fowó náà rà tí aráyé á rí. Ọ̀pọ̀ wọn dì mọ́ aago. Rolex Daytona onírin tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ní bíi $13,000, àwọn alágbàtà ń tà á ní ìlọ́po mẹ́ta. Nautilus 5711 ti Patek Philippe, ilé iṣẹ́ aago mìíràn ní Switzerland, tí iye ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ bíi $35,000, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kéde ní 2021 pé àwọn ń dá a dúró, ó kọjá $150,000 lọ́jà tọ̀kúnbọ̀. Kódà 5711 kan tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù Tiffany kun ojú ẹ̀, wọ́n lù ú ní ilé gbàǹjo Phillips ní New York ní oṣù kejìlá 2021, $6.5 mílíọ̀nù ló lọ. Púpọ̀ nínú fídíò tí à ń rí kiri lónìí, ìtàn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ.

Apá kejì ìtàn náà ni wọn kì í sọ. Ọjà yẹn dé góńgó ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin 2022, ó sì yí padà. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè ní oṣù kẹta 2022, kírípítò wó, owó kírípítò Terra wó ní oṣù karùn-ún, FTX tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n ti ń tà á wó ní oṣù kọkànlá, gbogbo àwọn tó ra aago torí kí wọ́n lè tún un tà ló wá ń dà á sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Iye rẹ̀ ń jábọ́ fún bí ọdún méjì kó tó rí ibi fẹsẹ̀ tì. Ẹni tó ra Daytona ní ìlọ́po mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 wo owó ńlá tó ń lọ lójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago ojúlówó ló rà o, kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì.

Ní 2025 ọ̀rọ̀ tún gbóná. Amẹ́ríkà gbé owó kọ́sítọ́ọ̀mù ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà Switzerland ní oṣù kẹjọ, kí wọ́n tó wá fẹnu kò ní oṣù kọkànlá pé kó di ìdá 15. Góòlù náà kọjá $4,000 lórí áúǹsì kan ní oṣù kẹwàá. Aago tuntun tún wọ́n sí i ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ta tọ̀kúnbọ̀ sì tún rí nǹkan sọ.

Ti ilé wa ńkọ́? Ìyẹn ò nílò àlàyé púpọ̀, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi N470 lójú ìjọba, kí oṣù kejì 2024 tó parí ó ti lé ní N1,500. Ọ̀wọ́n gógó ọjà dé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejìlá 2024. Ẹni tó fi ogún ọdún tọ́jú owó rí i pé owó náà pé ní kíkà ṣùgbọ́n kò lè ra ìdajì ohun tó lè rà tẹ́lẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yìí ni fídíò aago bá àwọn èèyàn wa, ìdí sì nìyẹn tó fi tètè wọ̀ wọ́n létí.

Ṣé gbogbo aago olówó ńlá ló ń gorí owó ni?

Rárá o. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Àwọn bíi Daytona, GMT-Master II àti Submariner kan lára Rolex, Nautilus àti Aquanaut lára Patek Philippe, Royal Oak lára Audemars Piguet, orúkọ àwọn wọ̀nyí ni ẹ máa gbọ́ jù. Ọ̀pọ̀ Omega, Breitling, TAG Heuer, Hublot, bí ẹ bá ti gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù báyìí iye rẹ̀ ti já, bí ìgbà tí wọ́n bá wa mọ́tò tuntun jáde. Aago tó dára ni wọ́n o, ẹni tó bá fẹ́ràn wọn kó rà wọ́n kó lò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdókòwò là ń sọ.

Iye méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Iye ṣọ́ọ̀bù ni iye tí ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ fi lélẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fọwọ́ sí ń tà á. Iye ọjà tọ̀kúnbọ̀ ni iye tí àwọn alágbàtà ń tà á láàárín ara wọn àti fún aráàlú. Gbogbo èrè tí wọ́n ń sọ nínú fídíò, àárín iye méjèèjì yìí ló wà: ẹni tó rí i rà ní iye ṣọ́ọ̀bù tó sì tà á ní iye tọ̀kúnbọ̀, òun ló jẹun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tí gbogbo ayé ń wá yẹn, ẹ ò lè kàn wọ ṣọ́ọ̀bù kí ẹ kówó sílẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ yín sílẹ̀, ẹ á dúró, nígbà míì ọdún á gorí ọdún, ẹni tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó jókòó sí Ìkòròdú tó ra aago lọ́wọ́ alágbàtà lórí Instagram, iye tọ̀kúnbọ̀ ló ti san. Èrè tí wọ́n ń sọ yẹn, ẹlòmíì ti jẹ ẹ́ kí aago tó dé ọwọ́ ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé aago Switzerland ò lè rẹ̀yìn. Ọjọ́ Kérésìmesì 1969 ni Seiko ilẹ̀ Japan gbé Astron jáde, aago tó ń lo bátìrì àti òkúta quartz, tó ń sọ àsìkò pé ju ti Switzerland lọ, kò sì pẹ́ tí irú rẹ̀ fi di owó pọ́ọ́kú. Iṣẹ́ aago ní Switzerland tó ní òṣìṣẹ́ bíi 90,000 ní 1970 wá sí bíi 30,000 ní àárín ọdún 1980 sí 1990. Lásìkò yẹn kò sẹ́ni tó ń pe aago tí kì í lo bátìrì ní ìdókòwò. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá, iye tó sì ń pa lónìí, orí bí àwọn èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹ ló dúró lé.

Ọ̀rẹ́ mi ra aago ní 2023, ó jèrè ní náírà, ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ó ra aago $10,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ṣẹ́ dọ́là níta ní N750, torí kò sẹ́ni tó máa fún un ní dọ́là iye ìjọba láti fi ra aago. N7.5 mílíọ̀nù ló jáde lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ó ní òun fẹ́ tà. Ọjà aago ti wálẹ̀ lágbàáyé, ká ní tirẹ̀ ti di $9,000 lójú ọjà. Alágbàtà tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀ náà fẹ́ jẹun, kò lè san iye tí òun fúnra ẹ̀ máa tà á, ó wá san $7,500. Dọ́là ti di N1,500. Ọ̀rẹ́ yín gba N11.25 mílíọ̀nù. Ó kó N7.5 mílíọ̀nù sílẹ̀, ó gba N11.25 mílíọ̀nù, N3.75 mílíọ̀nù lé, ijó ló kù, ó sì gbé e sórí status.

Wàyí o, ká ní kò ra aago kankan. Ká ní ó fi $10,000 yẹn sí àkáǹtì dọ́là lásán, kò fọwọ́ kàn án, kò jẹ èlé kan. N15 mílíọ̀nù ni ì bá gbà. Aago náà ò fún un ní N3.75 mílíọ̀nù, ńṣe ló gba N3.75 mílíọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Dọ́là ló gbé e sókè, aago ló fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nítorí náírà ló fi ń kà á, kò rí i.

Nítorí náà ìbéèrè méjì ló wà tí àwọn èèyàn ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé kí n kó lára owó mi kúrò nínú náírà? Ìkejì: tí mo bá fẹ́ kó o kúrò, ṣé aago ló yẹ kí n kó o sí? Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èkíní kò tíì dáhùn èkejì rárá. Àkáǹtì dọ́là wà ní báńkì. Àwọn ilé iṣẹ́ tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, fọwọ́ sí ń ṣe owó ìdókòwò alápapọ̀ ti dọ́là. Ní oṣù kẹjọ 2024 ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ ta bọ́ńdù dọ́là (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú) nílé níbí, ọlọ́dún márùn-ún, èlé ìdá 9.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, $10,000 ni ó kéré jù tí wọ́n ń gbà, wọ́n wá $500 mílíọ̀nù, wọ́n rí ohun tó ju $900 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó ra ti $10,000, $975 ni èlé ẹ̀ lọ́dún. Aago $10,000 kì í bí nǹkan kan lọ́dún, ẹ̀yin lẹ tún máa ná owó lé e lórí.

Ohun mìíràn tún ni pé náírà kì í já lójoojúmọ́. Ní 2025 ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, kódà ó lágbára sí i nígbà tí ọdún ń lọ sópin. Ẹni tó ra aago ní ìgbà tí dọ́là wọ́n jù, tó ń retí pé kí náírà já kóun lè jèrè, kò rí nǹkan tó fẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn alátìlẹyìn aago níbí o, torí ẹni tó fi náírà sí treasury bills, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ìgbà kúkúrú, ní 2023 náà fara gbá. Ní 2024 treasury bills ọlọ́jọ́ 364 kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọjà ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́là sì ti sá lọ. Tí wọ́n bá fi aago wé náírà lásán láàárín 2023 sí 2024, aago ló borí, òótọ́ ni. Ibi tí àlàyé wọn ti já ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ń fi dọ́là díye ló borí náírà nígbà yẹn, títí kan dọ́là tí wọ́n dì sábẹ́ pílò.

Àwọn aago tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù dọ́là ńkọ́?

Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń mú Daytona tí òṣèré Paul Newman lò wá. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní New York ní oṣù kẹwàá 2017, $17.75 mílíọ̀nù ló lọ. Ọrùn ọwọ́ tó ti wà ni wọ́n sanwó fún. Daytona irú ẹ̀ tí kò bá ti ọwọ́ Newman wá, owó ẹ̀ ò ní dé ìdajì ìdajì ìyẹn.

Àpẹẹrẹ tó kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n jù ni Patek Philippe 1518 onírin. Mẹ́rin péré ni ayé mọ̀ pé ó wà. Ní oṣù kọkànlá 2016 wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní Geneva ní mílíọ̀nù 11 owó Switzerland. Ní oṣù kọkànlá 2025 aago kan náà yìí tún padà sí gbàǹjo Phillips ní Geneva, ó lọ ní mílíọ̀nù 14.19. Gbogbo ìwé ìròyìn pariwo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú kọ̀ǹpútà kékeré inú fóònù yín. Láti 11 sí 14.19 láàárín ọdún mẹ́sàn-án, kò tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Iye tí wọ́n kéde yẹn tún jẹ́ iye tí ẹni tó rà á san, owó ilé gbàǹjo wà nínú ẹ̀, ẹni tó tà á ò rí gbogbo ẹ̀ gbà. Ẹ wá yọ owó ìṣọ́ àti owó adójútòfò fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀kan lára aago tó ṣọ̀wọ́n jù láyé mà nìyẹn o, ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ aago jù láyé ló sì wà.

Àwọn aago tó já kì í wọ ìròyìn. Ẹni tó ta tirẹ̀ ní àdánù kì í ṣe fídíò.

Tí mo bá fẹ́ tà á ní Ìkòròdú, ta ni yóò rà á?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ní ti gidi. Ohun ìní tí ẹ ò bá lè sọ di owó nígbà tí ẹ nílò owó, iye tó wà lórí ìwé ò ní ran yín lọ́wọ́. Ká ní àìsàn dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn ní kí ẹ mú owó wá, ẹ ní aago $8,000 lọ́rùn ọwọ́. Kò sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín ní Sábó tàbí ní gáréèjì. Àwọn tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agbòòrùn, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, wọ́n á gé ṣéènì kúrú, ṣùgbọ́n wọn ò lówó tí wọ́n máa fi ra Rolex, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní gba ojúṣe pé ojúlówó ni. Ẹ máa kọjá lọ sí Victoria Island tàbí Ìkẹjà, ẹ máa bá alágbàtà dúnàádúrà, òun náà sì mọ̀ pé owó ń jẹ yín níyà. Ìgbà yẹn ni iye tí ẹ rò pé ẹ ní máa di ohun mìíràn.

Ayédèrú tún wà. Ayédèrú àtijọ́ rọrùn láti mọ̀, ó fúyẹ́, abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú àáyá ẹ̀ ń fò tọ́ tọ́ tọ́. Ti ìsinsìnyí tí wọ́n ń pè ní super clone, wọ́n wọn ìwọ̀n ẹ̀ pé, wọ́n kọ síríà nọ́ḿbà sí i lára, wọ́n tẹ káàdì wáráńtì ẹ̀, àyàfi kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ kó wo ẹ̀rọ inú. Èyí tó tún burú ju ayédèrú pátápátá lọ ni àdàlù: ara ojúlówó, ojú ayédèrú, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan inú ẹ̀ pẹ̀lú ti ibòmíràn. Ẹni tó rà á lè lò ó fún ọdún márùn-ún kó tó mọ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ tà ló máa mọ̀.

Ti olè náà ńkọ́? Aago tí wọ́n jà gbà lọ́wọ́ èèyàn ní London lè yọ sí Èkó láàárín oṣù díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní London tó ń jẹ́ The Watch Register, tó ń kó síríà nọ́ḿbà aago tí wọ́n jí tàbí tó sọnù jọ, èèyàn lè sanwó kó yẹ nọ́ḿbà tirẹ̀ wò kó tó rà. Ẹni tó ra aago olè láìmọ̀, bó bá gbé e dé ilé gbàǹjo tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún àtúnṣe, ó lè má gbé e padà wálé.

Àtúnṣe náà nìyí o. Rolex ní kí wọ́n máa tú aago wọn yẹ̀ wò ní bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, iṣẹ́ yẹn lè ná èèyàn ní bíi $1,000, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó lọ fi ẹ̀rọ dán ara ẹ̀ títí igun rẹ̀ fi yí, iye ẹ̀ já nìyẹn. Páálí àti ìwé ẹ̀ tó bá sọnù náà, iye ẹ̀ á já.

Kí ni àwọn tó fara mọ́ ọn ń tọ́ka sí?

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò yẹ ká sọ ọ́ bíi pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní aago kéré, ó rọrùn gbé, ẹ lè wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ kí ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnù kí ẹ lọ dé Accra, ibi tí ẹ bá dé wọ́n mọ Rolex. Wọ́n ní àkáǹtì dọ́là, ìjọba lè ṣòfin lé e lórí lóru ọjọ́ kan, wọ́n ti ṣe é rí, a ti tò sí báńkì rí tí a ò rí dọ́là wa gbà. Wọ́n ní Rolex ń fowó kún iye ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, nítorí náà bópẹ́ bóyá iye tọ̀kúnbọ̀ á tẹ̀lé e. Wọ́n tún ní láti oṣù kejìlá 2022 tí Rolex fúnra ẹ̀ ti ń fọwọ́ sí aago tọ̀kúnbọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lókè òkun, ìgbẹ́kẹ̀lé ti wọ ọjà náà. Èyí tó kẹ́yìn ni pé èèyàn ń gbádùn ẹ̀ bó ṣe wà lọ́wọ́, wọn kì í wọ treasury bills lọ òde.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní tiwọn ní ohun tí kì í mú owó wọlé, tó jẹ́ pé ìrètí kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀ ni kí ẹlòmíì wá fowó jù bẹ́ẹ̀ lọ rà á lọ́wọ́ yín, òwò ni, kì í ṣe ìdókòwò. Òwò sì nílò ẹni tó mọ ọjà, tó ní oníbàárà, tó lè dúró. Àwọn tó ń jèrè nínú aago ní òótọ́, alágbàtà ni wọ́n, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, wọ́n ń rà lẹ́dìnwó wọ́n ń tà lówó, bí oníṣòwò ẹja ṣe ń ṣe ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń kó aago jọ torí ìfẹ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ pé kí èèyàn ra èyí tó wù ú, pẹ̀lú owó tí kò ní dùn ún tí kò bá padà.

Ibi tí apá méjèèjì ti fẹnu kò ni pé kì í ṣe owó gírátúítì, kì í ṣe owó ilé ìwé ọmọ.

Ṣé kí n kúkú ra ilẹ̀?

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e nìyẹn. Ilẹ̀ lè mú owó wọlé, èèyàn lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, ó lè dáko sí i. Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 ka ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ onílẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tí kò sí nínú èyí tí wọ́n dá padà fún ìlú nínú gáséètì, ìwé ìkéde ìjọba, kò ra nǹkan kan. Iye ilẹ̀ náà sì ń tẹ̀lé ariwo: afárá Fourth Mainland tó yẹ kó so Ìkòròdú pọ̀ mọ́ ọ̀nà Lẹ́kí, nǹkan bíi kìlómítà 38, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ẹ̀ ta ilẹ̀ fún wa, pápákọ̀ òfurufú Lẹ́kí-Ẹ̀pẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà kì í tètè di owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyọnu ìkankan nínú ẹ̀, FGN Savings Bond, bọ́ńdù náírà tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún aráàlú, ń bẹ̀rẹ̀ láti N5,000, èlé ẹ̀ ń wọlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, náírà ni ṣá, ewu náírà sì wà nínú ẹ̀.

Wọ́n ní ká dáwó jọ ká ra aago pọ̀, kí wọ́n máa san èrè oṣooṣù fún wa ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ní Osaka ní Japan, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní Toke Match. Wọ́n ní kí àwọn tó ní aago kó o wá, àwọn á máa fi yá àwọn oníbàárà, àwọn á sì máa san owó fún ẹni tó ni aago lóṣooṣù. Ó dùn ún gbọ́, aago tí kì í bímọ wá di abiyamọ. Ní oṣù kìíní 2024 wọ́n kàn kéde pé àwọn ti parí iṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ gba Dubai lọ, aago bíi 900 ni kò padà sọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, a sì rí nínú wọn tí wọ́n ti tà. Ní Amẹ́ríkà náà, FBI mú ọ̀gá ilé ìtajà aago Timepiece Gentleman ní California ní oṣù kọkànlá 2023, àwọn èèyàn kó aago fún un pé kó bá àwọn tà, ó tà á, kò fún wọn lówó wọn, ó sì gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi.

Tiwa nílé, ojú wa ò tíì gbẹ lórí CBEX, ètò ìdókòwò orí ìntánẹ́ẹ̀tì tó wó ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí àwọn èèyàn ò lè gba owó wọn jáde mọ́ tí inú bí àwọn kan ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì wọn. SEC sọ pé wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí i fún ẹni tó bá ń ṣe irú ètò gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú púpọ̀ pé òun máa fi ra aago, òun á máa pín èrè, SEC gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìkànnì SEC wà ní gbangba, ẹ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà síbẹ̀ kí ẹ wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ní góòlù ni, aago ni, kírípítò ni, ọjà lásán lèyí jẹ́, ìbéèrè náà kò yí padà.

Ṣé òfin ní nǹkan sọ lórí títà àti ríra rẹ̀?

Ó ní. Òfin tó lòdì sí fífọ owó ìdọ̀tí ti 2022 sọ pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ san owó ọwọ́ tó ju N5 mílíọ̀nù lọ, ilé iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá N10 mílíọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ojúlówó Rolex tuntun tí iye ẹ̀ ò kọjá N5 mílíọ̀nù báyìí. Àwọn tó ń ta góòlù, ohun ọ̀ṣọ́ àti ọjà ọlọ́lá tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ EFCC, kí wọ́n sì máa mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣòwò.

Ìdí tí ìjọba fi ń ṣọ́ aago ò farasin. Ramon Abbas tí gbogbo wa mọ̀ sí Hushpuppi, tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 ní oṣù kọkànlá 2022, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn ni pé bíi $230,000 nínú owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà ni wọ́n fi ra Richard Mille RM 11-03, tí wọ́n gbé lọ fún un ní Dubai. Aago tó gba ọwọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kọjá lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹni náà ni wọ́n sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé níbo ló ti rí i.

Nítorí náà ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, kó gbà kí ẹlòmíì tó mọṣẹ́, tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á, ṣí aago náà wò kó tó sanwó. Kó yẹ síríà nọ́ḿbà wò. Kó gba báńkì sanwó, kó gba rìsíìtì tí síríà nọ́ḿbà wà lára ẹ̀, kí orúkọ tó wà lórí rìsíìtì àti orúkọ àkáǹtì tó sanwó sí bára mu, kó sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ páálí àti káàdì wáráńtì, torí gbogbo wọn ni ẹni tó máa rà á lọ́la máa béèrè.